Oògùn Tí À Ń Lò Parí àti Oògùn Tí À Ń Dín Kù

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ẹ̀jẹ̀ ajá fi ń tán nínú ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ọgbẹ́ kankan wà lára rẹ̀. Èkíní ni pé kí eégbọn gbé kòkòrò àìfojúrí sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí kòkòrò náà máa bí sí i nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, kí ó sì máa fọ́ wọn. Èkejì ni pé kí àwọn sójà ara ajá náà fúnra rẹ̀, àwọn tó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn jáde, dojú ìjà kọ sẹ́ẹ̀lì pupa tirẹ̀. Bí a bá fi ojú lásán wò wọ́n, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Èrìgì ajá á funfun, ẹyinjú rẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ á ṣú. Ajá tó ń ṣáájú ọdẹ wọgbó lánàá á dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga lónìí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kò sì ní wù ú jẹ.

Àmọ́ ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù lọ sì ni bí a ṣe ń fi oògùn wọn sílẹ̀. Oògùn àrùn eégbọn, à ń lò ó parí ni: abẹ́rẹ́ kan tàbí méjì, tàbí hóró tó ní iye ọjọ́ tirẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, ó tán nìyẹn. Oògùn àrùn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà kò rí bẹ́ẹ̀. À ń dín in kù ni, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá já oògùn eégbọn sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, àrùn náà lè padà. Ẹni tó bá já oògùn kejì sílẹ̀ lójijì, ajá rẹ̀ lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí àfiwé yìí fẹ́ fi hàn ni pé bí a ṣe ń fi oògùn sílẹ̀ wà lára ìwọ̀n oògùn náà gan-an. Dókítà tó sọ iye hóró tí ajá máa lò lójúmọ́ láìsọ bí yóò ṣe dáwọ́ dúró, ààbọ̀ ìwọ̀n ló sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọjà-Ọ̀dàn ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ni ìlú náà wà, lábẹ́ Ayétòrò, kò sì jìnnà sí ẹnubodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọdẹ wà níbẹ̀, àwọn ọdẹ sì ní ajá. Fúlàní darandaran ń kó màlúù kọjá nínú pápá ọ̀dàn, eégbọn sì ń tẹ̀lé ẹran kiri. Oògùn ẹran kò ṣòro rí ní ọjà. Ti Nàìjíríà wà, ti ìhà Faransé náà sì wà. Ohun tó ṣòro ni kí ẹnì kan wo ẹ̀jẹ̀ ajá kí a tó fún un lóògùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àrùn eégbọn. Kòkòrò tí à ń pè ní Babesia ló gbajúmọ̀ jù nínú ohun tó ń fa á. Victor Babeș, onímọ̀ ìṣègùn ará Romania, ló rí i nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ní 1888, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe kòkòrò náà. Ní 1893, Theobald Smith àti Fred Kilborne ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rí hàn pé eégbọn ló ń gbé e láti ara màlúù kan sí òmíràn. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń ṣe ajá wà, pàápàá nílẹ̀ Áfíríkà. Eégbọn aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń so mọ́ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ajá wà lára àwọn tó ń gbé e kiri. Eégbọn yìí kan náà tún máa ń gbé Ehrlichia canis, kòkòrò tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára ajá ní Àlùjíríà ní 1935. Níbi tí igbó bá ti wà lẹ́bàá odò, eṣinṣin tsetse náà lè fi àrùn tirẹ̀ kún un. Gbogbo wọn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ajá lọ sílẹ̀. Òde ni gbogbo wọn sì ti wá.

Àrùn kejì kò ti òde wá. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, ikú ilé gan-an sì ni èyí. Sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀ ajá tó lera máa ń lo nǹkan bí 110 ọjọ́ kí ó tó gbó, kí ara tó pa á rẹ́, kí tuntun sì rọ́pò rẹ̀ láti inú mùdùnmúdùn eegun. Nínú àrùn yìí, ara á fi àmì ọ̀tá sára sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó. Ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà inú ikùn tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ á rí àmì náà, wọ́n á sì gbé sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún mì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ tí ajá fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣe ti lọ. Àrùn yìí wọ́pọ̀ lára àwọn irú ajá kan bíi Cocker Spaniel ju òmíràn lọ, àmọ́ kò sí irú ajá tí kò lè ṣe. Ọmọ ènìyàn náà máa ń ní irú rẹ̀. Àyẹ̀wò tí Robin Coombs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1945 ṣì wúlò fún un títí dòní, nítorí ó ń fi àmì ọ̀tá tó wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa hàn. Àwọn dókítà ẹran náà ń lò ó fún ajá.

Ilé àti òde yìí kò yà síra wọn tán o. Kòkòrò eégbọn lè jẹ́ ohun tó máa kọ́kọ́ tọ́ àwọn sójà ara níjà, kí wọ́n tó wá ṣìnà bá sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Nígbà tí àwọn àgbà oníṣègùn ẹran lágbàáyé gbé ìlànà jáde lórí àrùn yìí ní 2019, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kí a wá àrùn tó lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí a tó gbà pé ara nìkan ló dá ìjà náà sílẹ̀. Babesia sì wà lára àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rí tó lágbára jù lórí rẹ̀. Ní ilẹ̀ òyìnbó tí eégbọn kò ti pọ̀, dókítà lè ro ti ara tó ń bá ara rẹ̀ jà ṣáájú. Ní Yewa, eégbọn ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Báwo la ṣe lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ló máa sọ ọ́. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí gíláàsì, tí wọ́n sì fi maikirosikóòpù wò ó, kòkòrò Babesia lè hàn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa níbi tó fara pamọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ pé ara ló ń bá ara rẹ̀ jà, sẹ́ẹ̀lì pupa á ti sún kì, á ti di roboto, àárín rẹ̀ kò ní mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń mọ́lẹ̀. Wọ́n tún lè po ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi iyọ̀ ilé ìwòsàn lórí gíláàsì. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣì ń so mọ́ra wọn lẹ́yìn tí omi iyọ̀ ti là wọ́n, àmì pé ara ń gbógun ti ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni PCV, ìdá ọgọ́rùn-ún tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀. Ti ajá tó lera máa ń wà láàárín 37 sí 55. Ilé àyẹ̀wò kékeré tó bá ní ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀pá ẹ̀jẹ̀ lè kà á láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Nọ́ńbà yìí ni ẹ jẹ́ ká fi sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́.

Ní ti ìwọ̀n, oògùn eégbọn ló kọ́kọ́ dà bí èyí tó rọrùn. Èyí tí àwọn darandaran mọ̀ jù ni diminazene, tí ilé-iṣẹ́ Hoechst ti Jámánì gbé jáde ní àwọn ọdún 1950 pẹ̀lú orúkọ Berenil. Ìwọ̀n rẹ̀ fún ajá jẹ́ mílígíráàmù 3.5 fún kílò kan, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wá wo ibi tí ewu wà. Ìdì kékeré tó wọ́pọ̀ ní gíráàmù 1.05 oògùn náà nínú. Ìyẹn tó fún ẹran tó wọn 300 kílò, nítorí màlúù ni wọ́n ro nígbà tí wọ́n ń di í. Bí wọ́n bá po ó bó ṣe wà lára ìdì, mílílítà kan á tó fún 20 kílò. Ajá ìbílẹ̀ tó wọn 15 kílò kò gbọdọ̀ gbà ju mílílítà 0.75 lọ. Ìdì kan náà yẹn á tó fún 20 irú ajá bẹ́ẹ̀. Síríǹjì ńlá tí wọ́n fi ń gún màlúù kò lè wọn irú ìwọ̀n kékeré yẹn dáadáa, àṣìṣe díẹ̀ sì tó láti kọjá ààlà. Bí diminazene bá pọ̀ jù, ọpọlọ ajá ló ń kọlù. Ajá á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, gìrì lè mú un, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì tí wọ́n ti gún un tí olówó rẹ̀ ti rò pé ó ti bọ́.

Imidocarb wà fún Babesia náà, tí wọ́n máa ń gún lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ méjì síra wọn. Fún Ehrlichia, doxycycline ni, mílígíráàmù 10 fún kílò kan lójúmọ́, fún 28 ọjọ́. Kò sí ìdínkù kankan nínú rẹ̀. Iye tí ajá lò lọ́jọ́ kìíní náà ni yóò lò lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ kejì rẹ̀ kò sì ní lo nǹkan kan. Ẹni tó bá rí i pé ajá ti ń sáré lọ́jọ́ kẹwàá, tó wá fi ìyókù pamọ́ fún ajá mìíràn, ó kàn lé kòkòrò náà wọ ibi ìfarapamọ́ ni.

Ìwọ̀n oògùn kejì dà bí èyí tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kìíní, nítorí hóró lásán ni. Prednisolone ni olórí rẹ̀. Láti ìdí oògùn tí Philip Hench kọ́kọ́ fún obìnrin kan tí oríkèé ara ń dùn ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ní 1948 ni wọ́n ti fà á yọ. Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì gba Ẹ̀bùn Nobel ti 1950 fún iṣẹ́ náà. Ohun tí oògùn yìí ń ṣe ni pé ó ń pàṣẹ fún àwọn sójà ara kí wọ́n sọ ohun ìjà sílẹ̀. Ìwọ̀n tí dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 2 fún kílò kan lójúmọ́. Ajá 15 kílò yẹn á lo mílígíráàmù 30, ìyẹn hóró mẹ́fà nínú èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 5 tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì wa.

Ibẹ̀ ni ìrìn àjò ti bẹ̀rẹ̀. Bí PCV bá kọjá 30, tó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà lè gé ìdá mẹ́rin kan kúrò nínú oògùn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì dúró, wọ́n á tún gé ìdá mẹ́rin kan nínú èyí tó kù. Fún ajá tiwa yìí, hóró mẹ́fà á di mẹ́rin ààbọ̀, mẹ́rin ààbọ̀ á di mẹ́ta ààbọ̀, á di méjì ààbọ̀, á di méjì, á di ẹyọ kan ààbọ̀, á di ẹyọ kan, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, ó jẹ́ 20 ọ̀sẹ̀, nǹkan bí 400 hóró. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mílílítà 0.75 ti àrùn eégbọn. Ajá kan náà ni, èrìgì funfun kan náà ni, síbẹ̀ ọ̀kan gba abẹ́rẹ́ kan, èkejì sì gba 400 hóró.

Kí ló dé tí a kò lè já a sílẹ̀ nígbà tí ajá bá ti ń jẹun? Ìdí méjì ló wà. Àkọ́kọ́, àwọn sójà ara kò tíì gbàgbé ìjà. Wọ́n kàn dákẹ́ nítorí oògùn wà lórí wọn ni. Bí oògùn bá kúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n lè gbé ohun ìjà padà, ìjà ẹlẹ́ẹ̀kejì sì lè burú ju ti àkọ́kọ́. Èkejì, lórí kíndìnrín ajá, ẹ̀yà kékeré kan wà tó ń ṣe irú èròjà tí prednisolone jẹ́, ìwọ̀nba tí ara nílò láti jí, láti dìde, láti fara da ìnira. Bí oògùn bá ń wọlé láti òde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ̀yà yìí á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bí a bá wá gbé oògùn kúrò lójijì, ti òde kò sí, ti ilé kò tíì jí. Ajá á máa bì, kò ní lágbára, ó sì lè ṣubú kó má dìde mọ́, kódà bí PCV rẹ̀ bá dára. Ìdínkù díẹ̀díẹ̀ ló ń fún ẹ̀yà náà láyè láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ohun tí a fẹ́ pa àti ohun tí a kò fẹ́ pa, ibì kan náà ni wọ́n wà.

Àfiwé míì wà nínú ìnira tí oògùn ń mú wá. Abẹ́rẹ́ eégbọn máa ń dun ajá, imidocarb lè mú kí itọ́ máa yọ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ wákàtí díẹ̀ ni, ó tán. Prednisolone ń gbé tirẹ̀ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Òùngbẹ á máa gbẹ ajá, á máa tọ̀ síbi tí kò tọ̀ sí rí, ebi á máa pa á débi pé yóò máa ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Ikùn rẹ̀ á sọ̀ sílẹ̀, ẹran itan rẹ̀ á máa lọ. Nǹkan wọ̀nyí ló ń mú kí àwọn ará ilé sọ pé oògùn náà ló ń ba ajá jẹ́, kí wọ́n sì dá a dúró. Òótọ́ ni pé oògùn ló fà á. Ojútùú rẹ̀ ni kí dókítà gé e kù bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbà á láyè, kí wọ́n má fi omi dù ú, kí wọ́n sì máa fi oògùn sínú oúnjẹ láàárọ̀, kí ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ̀ lọ́sàn-án ju òru lọ. Fún ajá ńlá tó kọjá 25 kílò, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ilé, dókítà kì í fi kílò nìkan ṣírò. Fífẹ̀ awọ ara ni wọ́n ń wò, kí oògùn má bàa pọ̀ jù. Ajá 40 kílò tí ìṣirò kílò á fún ní mílígíráàmù 80, ìṣirò awọ ara á fún un ní nǹkan bí 60 sí 70.

Ohun tí a fi ń mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ pẹ̀lú. Nínú àrùn eégbọn, ojú olówó ajá kò burú ní ẹlẹ́rìí. Bí abẹ́rẹ́ bá ti mú kòkòrò, ara gbígbóná á lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ajá á bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ìtọ̀ rẹ̀ á mọ́. Nínú àrùn kejì, ojú lè tan ni jẹ. Prednisolone fúnra rẹ̀ ń mú ebi wá, ó sì ń fún ajá ní okun àyálò. Ajá lè máa jẹun bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa wálẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ka PCV kí wọ́n tó gé oògùn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wálẹ̀, wọn kì í gé e. Dókítà lè gbé e padà sókè, tàbí kó fi oògùn mìíràn kún un, bíi azathioprine. Azathioprine kò yára, ó ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn, ó sì lè ba mùdùnmúdùn eegun tàbí ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kí aboyún má fọwọ́ lásán kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì lọ̀ ọ́. Ohun mìíràn tó ń pa ajá nínú àrùn yìí ni ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń dí òpó ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi clopidogrel tì í, oògùn kan náà tí àwọn tó ní àrùn ọkàn ń lò. Fún ìtọ́jú àrùn eégbọn tí kò lágbára jù, wọn kì í sábà nílò gbogbo èyí.

Ìwọ̀n tún ní ìṣòro tirẹ̀ ní ẹnubodè. Hóró prednisolone tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́ mílígíráàmù 5. Nínú oògùn tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Faransé, ti mílígíráàmù 20 náà wọ́pọ̀. Ẹni tí dókítà sọ fún pé "hóró mẹ́ta ààbọ̀", tó wá ra páálí mìíràn lọ́jà nítorí tàkọ́kọ́ tán, lè fún ajá ní ìlọ́po mẹ́rin láìmọ̀. Bí ó bá sì ti ibẹ̀ padà sí ti mílígíráàmù 5, ó ti já a wálẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Dexamethasone burú ju bẹ́ẹ̀ lọ láti fi rọ́pò rẹ̀, nítorí mílígíráàmù 0.75 rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù 5 prednisolone. Nítorí náà, mílígíráàmù ni kí ẹ máa fi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú dókítà, ẹ má fi iye hóró nìkan sọ ọ́. Kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Kí ẹ má ṣe fi diclofenac, ibuprofen tàbí piroxicam kún prednisolone nítorí pé ara ń ro ajá. Irú oògùn wọ̀nyí àti prednisolone jọ ń dá egbò sí ikùn, ajá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò sì ní èyí tí yóò fi tọrẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé àṣìṣe méjì sórí òṣùwọ̀n. Àṣìṣe kìíní ni kí ajá ní àrùn eégbọn, kí ẹnì kan sì fún un ní prednisolone tàbí abẹ́rẹ́ dexamethasone nìkan. Láàárín ọjọ́ méjì, ara rẹ̀ á tutù, á jẹun, wọ́n á ní ó ti gbádùn. Kòkòrò sì ń bí sí i lábẹ́ rẹ̀, nítorí a ti ti àwọn sójà tó yẹ kí wọ́n bá a jà mọ́lé. Àṣìṣe kejì ni kí ara ajá máa bá ara rẹ̀ jà, kí wọ́n sì máa gún un ní abẹ́rẹ́ eégbọn. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò ní ṣe é ní oore kan. Ewu gidi ni abẹ́rẹ́ kejì àti ìkẹta, tí wọ́n á gún nítorí pé "tàkọ́kọ́ kò mú un." Ní ìgbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ ń tán, ọpọlọ náà sì ń gba oró. Tí ẹ bá bi mí, àṣìṣe kejì ló rọrùn jù láti ṣe ní ìgbèríko Yewa, nítorí abẹ́rẹ́ eégbọn wà nítòsí, ọwọ́ sì ti mọ́ ọn. Ojútùú rẹ̀ náà kò sì le: abẹ́rẹ́ kan, ìwọ̀n tó péye, lẹ́yìn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti wo ajá. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ má tún un gún. Ẹ gbé ajá lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Níbo ni wọ́n máa gbé e lọ? Yunifásítì Ọ̀gbìn ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ní ilé ìwòsàn ẹran tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníṣègùn ẹran. Ti Yunifásítì Ìbàdàn náà wà. Láti Ọjà-Ọ̀dàn, ìrìn àjò ni àwọn méjèèjì, owó ọkọ̀ sì wà níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ lọ. Bí dókítà bá ti mọ àrùn náà tó sì ti kọ ètò ìdínkù sílẹ̀, ilé àyẹ̀wò tó wà nítòsí lè máa ka PCV, kí olówó ajá sì máa fi fóònù sọ nọ́ńbà náà fún dókítà kí wọ́n tó gé oògùn.

Tí a bá wá dájọ́ láàárín ọ̀nà méjèèjì, kò sí èyí tó dára ju èkejì lọ lásán. Àrùn ló ń sọ èyí tó tọ́. Oògùn tí à ń lò parí dára fún ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, nítorí kì í so olówó ajá mọ́ kẹ́míìsì. Oògùn tí à ń dín kù ń bèèrè ohun tó ṣòro ju owó lọ, ìyẹn sùúrù oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lórí ẹran tó ti dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá. Ibi tí mo dúró sí ni pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ prednisolone gíga lórí ajá láìmọ̀ bóyá òun lè dé ìparí rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó oṣù márùn-ún, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà lọ́jọ́ kìíní. Ètò tó kéré tó sì ṣeé ṣe parí sàn ju ètò ńlá tó dá lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ajá yín bá wà lórí oògùn yìí lónìí, ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n mílígíráàmù àti PCV sínú ìwé kan, kí ìwé náà sì máa bá ajá lọ síbikíbi. Ẹ ka hóró tó kù lópin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èyí tó kù bá ku ti ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti ra òmíràn. Bí ẹ kò bá lè rà á, ẹ pe dókítà kí ó tó tán, kí ó lè sọ bí ẹ ó ṣe dín in. Ẹ má ṣe dá prednisolone dúró lójijì.